Odídẹrẹ́ Tó Kọjú Sílé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé olóríkunkun ni Hàbíbátù ọmọ Yúnúsà, ẹ má bá onítọ̀hún jiyàn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìjokú, àdúgbò wọn ní Ṣàgámù, kò sì sí ọjọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ sẹ́ ẹ. Ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í fi kún un ni pé orí kunkun yẹn ló gbé e kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń fi ìgbájú ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún un ní Èkó, tó sì gbé e padà sí Ṣàgámù ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú báàgì kan àti ẹ̀rọ kan. Wọ́n pè é ní dálémosú. Ó ní òótọ́ ni, ilé bàbá òun lòun wà, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó máa lọ sí ilé bàbá tirẹ̀.

Ẹ̀rọ tó gbé wálé yẹn kò tóbi ju àpótí ìjókòó lọ. Irin róbótó méjì ló sùn lórí ara wọn nínú rẹ̀, ọwọ́ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń yí i. Bí Hàbíbátù bá tẹ́ bébà líle sílẹ̀, tó gbé irin ìgé lé e lórí, tó tì wọ́n bọ ẹnu ẹ̀rọ náà tó sì yí i, bébà á gba òdìkejì jáde, á ti di òdòdó, á ti di ewé, á ti di òṣùpá Iléyá, etí rẹ̀ á gún régé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ọ̀fin ló ń bá a tẹ àwọn irin ìgé náà. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ẹrù ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ògijò, tí wọ́n máa ń já sọnù, òun ni alágbẹ̀dẹ ń pọ́n tó ń tẹ̀ bí Hàbíbátù bá ṣe yà á fún un. Òǹtẹ̀ ní tirẹ̀, Hàbíbátù kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni gbẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà sílípáàsì tó ti gbó ló ń lò. Á fọ̀ ọ́, á sá a, á fi abẹ gbẹ́ àwòrán sí i lójú, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, á tẹ̀ ẹ́ sínú íńkì.

Bó ṣe ń ṣe káàdì ìkómọ nìyẹn, àti ti ìgbéyàwó, ti ìdúpẹ́, ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ti àwọn tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà. Iná ìjọba ì báà lọ, ì báà bọ̀, kò kan ẹ̀rọ rẹ̀. Káàdì kan kò sì jọ èkejì tán, nítorí ọwọ́ èèyàn ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní Ṣàgámù ń sọ pé eré ọmọdé ni, pé orí fóònù ni ayé ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ báyìí. Hàbíbátù á ní bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ lọ gbé ti orí fóònù sára ògiri yín kí n wò ó.

Yàrá iwájú tó ṣí sí títì ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Yúnúsà, ló fún un. Ọjọ́ tó dé láti Èkó, Bàbá ò béèrè ohun tó lé e wálé. Wọ́n wo ojú rẹ̀ tó wú, wọ́n pe àwọn alábàárù, wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn àpò òfìfo kúrò ní yàrá iwájú, kí wọ́n gbá a mọ́, ọmọ òun fẹ́ máa lò ó. Wọ́n sì padà sídìí obì tí wọ́n ń ṣà.

Obì ni iṣẹ́ ilé yẹn. Gbànja ni wọ́n ń rà káàkiri oko Rẹ́mọ, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣà á, wọ́n á fi ewé tútù tẹ́ inú àpò kó má baà gbẹ, ọkọ̀ á sì kó o lọ sí Kánò, sọ́dọ̀ Àlàájì Sánúsí, ẹni tí òun àti Bàbá ti jọ ń ṣòwò láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní ọ̀dọ́. Ara àpò kọ̀ọ̀kan ni àmì ilé máa ń wà: odídẹrẹ́ kan tó gbé obì há ẹnu. Bàbá fúnra wọn ló yan ẹyẹ náà, nítorí àdúrà tí ìyá wọn máa ń gbà fún wọn bí wọ́n bá ń tẹ̀lé ẹrù lọ sókè Ọya, pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Wọ́n ní kí ayàwòrán kan yà á sára pátákó, wọ́n kàn án mọ́ ògiri lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà ńlá. Ọ̀tún ni ẹyẹ orí pátákó náà ń wò, sí ìhà títì, bí ẹni tó fẹ́ fò lọ.

Ọdún tí Hàbíbátù wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òǹtẹ̀ onígi tí Bàbá ń lò là sí méjì. Ẹrù ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ ti dé. Ọmọdébìnrin yìí bá yọ bàtà sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mú abẹ, ó jókòó síwájú pátákó, ó gbẹ́ odídẹrẹ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà gẹ́lẹ́ bó ṣe rí i. Ọ̀tún ni ti pátákó ń wò, ọ̀tún ni tirẹ̀ náà ń wò lára rọ́bà. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ohun tó bá wo ọ̀tún lára òǹtẹ̀, òsì ló máa wò nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sára àpò àkọ́kọ́, odídẹrẹ́ kọjú sódì. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bàbá gbé àpò náà dúró ti ògiri lábẹ́ pátákó, wọ́n wo èkíní, wọ́n wo èkejì. Ti orí pátákó ń wo títì, ti ara àpò ń wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èyí ti jẹun tán, ó ń bọ̀ wálé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, òǹtẹ̀ bàtà yẹn ni wọ́n ń lò. Bó bá jẹ, Hàbíbátù á gbẹ́ òmíràn, á sì rí i pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, òsì ló ń wò. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàdì, ó gbẹ́ kékeré rẹ̀, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ̀yìn gbogbo káàdì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ló ń tẹ̀ ẹ́ sí, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Bàbá rí i, wọ́n ní ó dára.

Bàbá kú. Àwọn tí wọ́n bí ló ń sunkún, àti àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ láìpariwo. Lìádì, àkọ́bí ọkùnrin, tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Èkó láti ọjọ́ pípẹ́, kó ẹrù rẹ̀ wálé láti wá di òwò obì mú. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, Lìádì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń tètè jí, kì í rẹ́ni jẹ, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ilé ṣeré. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà á láàmú ni pé ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má sọ pé kò tó bàbá rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bá sì ń bà, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí Kérésì ṣe ń sún mọ́ etílé, oníṣòwò kan fa káàdì kan yọ nínú àpò agbádá rẹ̀ láàárín ọjà obì. Ará ilé rẹ̀ kan tó jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì ló fún un. Ó yí i sẹ́yìn, odídẹrẹ́ Yúnúsà ló wà níbẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Lìádì bóyá ilé wọn ti ń kó Kérésì ránṣẹ́ sí Kánò báyìí. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, Lìádì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa délé, inú rẹ̀ ti ń hó.

Ó pe ẹbí jọ sí pálọ̀ ńlá. Àlàájà Wúlẹ̀mọ̀tù, àbúrò Bàbá, tí wọ́n ti dàgbà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, jókòó sórí àga tiwọn. Lìádì sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní àmì Bàbá kì í ṣe ohun ìṣeré, àmì obì ni, ọkùnrin tó di ilé mú ló ni ín. Ó ní obìnrin tó ti ilé ọkọ wá, tó ṣì lè lọ sí ilé ọkọ mìíràn lọ́la, kò lè máa gbé àmì ìdílé kiri lẹ́yìn káàdì Kérésì. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, Hàbíbátù kò gbọdọ̀ tẹ ẹyẹ yẹn sẹ́yìn bébà kankan mọ́, kó sì lọ gbé òǹtẹ̀ àpò wá fún òun.

Hàbíbátù rí i pé wọ́n ń retí kí òun kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, nítorí ẹ̀gbọ́n ni Lìádì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òwò Bàbá, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹyẹ yẹn, ọwọ́ mi ló ti jáde. Mi ò ní í gbé e fún yín, mi ò sì ní í yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn káàdì mi."

Ó dìde, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní kò ka àgbà sí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi ò rí ibi tó ti ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Lìádì ní kí wọ́n yọ pátákó ìpolówó kékeré tí Hàbíbátù kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, ihò ìṣó nìkan ló kù. Ó tún ní bí ọdún bá ti parí, yàrá iwájú á padà di yàrá àpò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní ti òǹtẹ̀, ó ní òun ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ya fọ́tò odídẹrẹ́ orí pátákó ńlá, ó fi ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n sì bá a fi ẹ̀rọ ṣe òǹtẹ̀ tuntun tó ń dán, tó ní ìdìmú dúdú. Àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́ wọn. Bó ṣe wà lára pátákó náà ló ṣe jáde lórí bébà, ìyẹ́ rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ mọ́, ó sì ń wo ọ̀tún.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Lìádì ti dán an wò, Hàbíbátù sì ń kọjá pẹ̀lú kẹ́tùlù omi lọ́wọ́. Ó dúró. Ó lè kọjá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ yẹn kọjú sódì o."

Lìádì ò gbé orí sókè. "Ẹyẹ ni ẹyẹ," ló fi dá a lóhùn, ó sì tún tẹ òmíràn.

Hàbíbátù gbé kẹ́tùlù rẹ̀ ó lọ. Ó ti sọ tirẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ò bà á. Ẹ̀rù bà á gan-an. Bó bá ń yí ẹ̀rọ rẹ̀, á máa wo ògiri yàrá náà, á máa ro ibi tí òun máa gbé tábìlì lọ bí ọdún bá parí, ta ni yóò gbà á sílé, ta ni yóò mọ ibi tó wà. Àárò bàbá rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé nígbà mìíràn á yí ẹ̀rọ lásán, láìsí bébà nínú rẹ̀, kó lè máa gbọ́ ohun tí Bàbá máa ń gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tó fi ẹ̀yìn káàdì sílẹ̀ lófìfo. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹyẹ náà tóbi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ti Ọmọ́yẹni, tíṣà kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi káàdì Kérésì ránṣẹ́ sí àwọn ìyá àgbà ìjọ tí wọn ò lè jáde mọ́. Irin ìgé tuntun ni Hàbíbátù ṣe fún tọdún yìí: fèrèsé kan tó ṣeé ṣí, bí ẹ bá sì ṣí i, ẹ ó rí ìràwọ̀ kan nínú rẹ̀. Ọmọ́yẹni wá wo iṣẹ́, ó ṣí fèrèsé kan, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Lẹ́yìn náà ló fa Hàbíbátù sún mọ́ ara, ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ń lọ nínú ilé. Ó ní bó bá jẹ́ nítorí káàdì àwọn ni ìjà fi wọlé, kí Hàbíbátù kúkú fi ẹyẹ náà sílẹ̀ lọ́dún yìí kí ilé lè rójú, àwọn ìyá àgbà ò ní bínú.

"Bí mo bá yọ ọ́ lọ́dún yìí torí àlàáfíà," ni Hàbíbátù wí, "tó bá di àmọ́dún, ọwọ́ mi gan-an ni wọn á ní kí n yọ."

Ọmọ́yẹni wò ó títí. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n íńkì dúdú yẹn kò hàn tó, ṣé kò ní pupa? Ó ní. Pupa ló fi tẹ gbogbo rẹ̀.

Ẹrù àkọ́kọ́ tó ru ẹyẹ tuntun gbéra lọ sí Kánò. Lìádì fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sára àpò, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Nígbà tí ó yẹ kí ìròyìn ayọ̀ dé, kò dé. Fọ́tò ni Àlàájì Sánúsí fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: àpò kan, odídẹrẹ́ kan, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ rẹ̀. Lìádì pè é, kò gbé e. Ẹlẹ́rù tó tẹ̀lé ọkọ̀ ló wá sọ fún un pé Àlàájì ò jẹ́ kí wọ́n já okùn àpò kankan, wọ́n ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, obì sì ti ń gbẹ.

Ẹ mọ bí ìròyìn ṣe ń rìn lọ́jà obì. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń sọ ọ́ pé Kánò kọ ẹrù ọmọ Yúnúsà. Lìádì wọ pálọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Àlàájà Wúlẹ̀mọ̀tù ní kó ṣí i fún òun, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n ní kó tún pe Àlàájì Sánúsí kí òun náà gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Hàbíbátù pẹ̀lú. Ó wá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́ẹ̀kan yìí, Àlàájì Sánúsí gbé e. Sábó ní Ṣàgámù ló ti ṣe ọ̀dọ́ rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá dé ẹ̀yìn eyín. Lìádì fi ohùn rẹ̀ sí gbangba. Ọkùnrin àgbàlagbà náà kò pariwo, ìbànújẹ́ ló wà nínú ohùn rẹ̀.

"Lìádì, ẹyẹ ara àpò yìí ń wo ọ̀tún. Ti Yúnúsà, òsì ló ń wò. Nígbà kan, àwọn kan gbé obì tí kòkòrò ti jẹ wá fún mi, wọ́n ya odídẹrẹ́ bàbá rẹ sí i lára, ọ̀tún ló ń wò bíi tìrẹ yìí. Mo pe bàbá rẹ. Ó ní, 'Sánúsí, ọmọ mi obìnrin ló gbẹ́ tèmi. Ó gbẹ́ ẹ sódì, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí olè tó máa ronú pé òdì la fẹ́. Èyí tó bá rí bíi ti pátákó, má ṣí i.' Mi ò sì ṣí i. Ẹni tó gbẹ́ ẹ dà?"

Hàbíbátù di férémù ilẹ̀kùn mú. Gbogbo ọdún yẹn, ó rò pé àánú ni Bàbá fi gba àṣìṣe òun, àṣé wọ́n ti fi í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé. Wọ́n sì ti dárúkọ rẹ̀ dé Kánò, wọ́n ní ọmọ mi obìnrin, wọn ò sọ fún un. Omi lé ròrò sí i lójú, kò sì nù ún.

Àlàájà Wúlẹ̀mọ̀tù yíjú sí Lìádì. Èdè Rẹ́mọ ni wọ́n fi bi í léèrè ẹni tí Kánò ń wá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn bí ọ̀rọ̀ bá ti le.

"Lìádì, lèsí wẹ́n ń béèrè? Ùwọ ni?"

Lìádì dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó na fóònù sí àbúrò rẹ̀.

Hàbíbátù gbà á. Nísinsìnyí, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè sọ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹrù yẹn, kí obì Lìádì sì gbẹ di òkúta ní Kánò, kí gbogbo ọjà fi ṣe ẹ̀rín. Ó rò ó, ẹ má rò pé kò rò ó. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò lè wo ojú rẹ̀, ó sì wo pátákó ńlá tó yọ lójú fèrèsé, orúkọ Bàbá lábẹ́ rẹ̀.

"Àlàájì, èmi ni mo gbẹ́ ẹ," ló wí. "Obì inú àpò yẹn, tiwa ni. Lójú mi ni wọ́n ti ṣà á ní ẹ̀yìnkùlé. Ilé wa ló ṣi ẹyẹ tẹ̀, kì í ṣe olè. Ẹ ṣí i, ẹ tà á. Èyí tó ń bọ̀, ẹyẹ tí ẹ mọ̀ ló máa wà lára rẹ̀."

Àlàájì Sánúsí béèrè orúkọ rẹ̀, Hàbíbátù sọ fún un. Àlàájì kí i kú ara fẹ́ra kù, ó ní òun ti gbọ́, òun á ṣí i.

Nígbà tí fóònù kú, Lìádì mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lóòótọ́, tinútinú ló fi dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní kó lọ gbé òǹtẹ̀ náà wá, ọkọ̀ mìíràn ń gbéra lọ́la.

"Ẹyẹ ni mo ṣèlérí fún Àlàájì," ni Hàbíbátù wí. "Mi ò ṣèlérí òǹtẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àpò ni yóò máa wá bá òǹtẹ̀ ní yàrá mi."

Lìádì rántí pé àgbà lòun. Ó pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, kí àwọn jọ ran ara wọn lọ́wọ́.

"Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ tèmi ti wà nínú kèrègbè láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fọ́ kèrègbè mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó padà sídìí gọ́ọ̀mù rẹ̀. Lìádì wo Àlàájà pé kí wọ́n gba òun. Àlàájà ń wá bàtà wọn lábẹ́ àga.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ dúró lẹ́yìnkùlé bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n dìpọ̀ obì, wọ́n rán ẹnu àpò, wọ́n tò ó. Hàbíbátù ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sí títì, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń gé fèrèsé káàdì Ìkẹ́nnẹ́ tó kù, kò wo ẹ̀yìn. Lìádì rán alábàárù kan wá gba òǹtẹ̀. Ó ní kó padà lọ sọ pé òǹtẹ̀ kì í rìn. Ó rán ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ọkọ̀. Oòrùn gùn díẹ̀ sí i. Ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bá àwọn èèyàn jágbe lórí ohun tí kò kàn wọ́n, lẹ́yìn náà kò gbọ́ ọ mọ́. Ó ń yí ẹ̀rọ.

Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ọkọ̀ tó ń ṣẹ́rí bọ̀ wá sí iwájú ilé. Lẹ́yìn náà, àwọn alábàárù yọ ní igun ògiri, àpò wà lórí oníkálukú. Lìádì ló ṣáájú wọn. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn yàrá náà níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì ti lè rí i, òógùn bò ó.

"Níbo ni kí wọ́n máa gbé e sí?" ló béèrè.

Hàbíbátù dìde. Ó gbé òǹtẹ̀ bàtà náà sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó fi kànrìnkàn kun íńkì sí i lójú dáadáa títí tó fi ń ṣàn létí. Kò lọ sídìí àpò kankan. Ó jáde sí ìta, ó lọ sídìí ògiri lápá ọ̀tún ilẹ̀kùn rẹ̀, níbi tí ihò ìṣó pátákó tí wọ́n yọ ṣì wà, ó gbé òǹtẹ̀ lé e, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé e kúrò, odídẹrẹ́ Yúnúsà wà lára ògiri, obì há a lẹ́nu, ó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá Hàbíbátù.

Lìádì wo ẹyẹ náà, ó wò ó pẹ́.

"Íńkì yẹn ò ní í parẹ́ mọ́," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Hàbíbátù bá nawọ́ sí alábàárù tó wà níwájú, ó ní kó gbé tirẹ̀ wá.